Ife Tó Ti Pọ́n: Bí A Ṣe Ń Fi Ohun Inú Ilé Yọ Àbàwọ́n Tíì, Sóbò àti Àgbo

Ife tí a fi ń mu tíì láràárọ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi ní òrùka dúdú nínú. Ọṣẹ ò ràn án, fóòmù ò ràn án. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ á ha á títí ìka á fi máa ro ó, ife á sì dúró bó ṣe wà. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ò mọ abọ́ fọ̀. Ọṣẹ ìfọbọ́, ọ̀rá ló mọ̀ ọ́n lé, àbàwọ́n tíì kì í sì í ṣe ọ̀rá.

Ní Àgbádárìgì níbí, ohun tó lè yọ ọ́ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà, kán-ún wà lọ́jà Àgbalátà, eérú wà lábẹ́ ìkòkò, èèpo àgbọn sì wà nílẹ̀ káàkiri tí à ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ohun tó kù ni kéèyàn mọ èyí tó bá àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan mu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á rí i tó ń hó, inú wọn á dùn, ife ò sì ní mọ́.

Kí ló wà lára ife yìí gan-an?

Tíì, kọfí àti ọ̀pọ̀ àgbo tí a fi egbò àti èèpo igi sè ní ohun kan tó pa wọ́n pọ̀, òun ni táníìnì. Táníìnì ló máa ń fún ẹnu pọ̀ téèyàn bá jẹ obì, òun náà ló sì ń jẹ́ kí obì pa eyín àti aṣọ láró. Tí ẹ bá gbé tíì sílẹ̀ kó tutù, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán yinrinyinrin, tó máa ń ya bí ẹ bá mi ife. Táníìnì tó ti pàdé afẹ́fẹ́, tó sì ti so mọ́ èròjà kálísíọ̀mù inú omi, ni awọ yẹn. Bí tíì ṣe ń dín kù nínú ife ni awọ náà ń lẹ̀ mọ́ ara ife, ìdí nìyẹn tí àbàwọ́n tíì fi máa ń rí bí òrùka.

Omi tí a fi sè é náà lọ́wọ́ sí i. Omi bọ́hóólù tó ní irin nínú máa ń jáde ní mímọ́, tó bá ṣe díẹ̀ nínú bókẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Tí irin yẹn bá pàdé táníìnì, àwọ̀ dúdú bí íǹkì ni wọ́n ń bí. Tí tíì ilé yín bá ń dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, tí ife tí ẹ fi ń mu omi lásán pàápàá sì ní òrùka pupa rúsúrúsú nísàlẹ̀, omi ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá tíì wí.

Ti Milo àti Bournvita yàtọ̀. Mílíìkì àti kòkó ló ń gbẹ mọ́ ife níbẹ̀. Omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ máa ń sáré dà sí i, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná máa ń se mílíìkì mọ́ ara ife bí ẹyin ṣe ń dì nínú epo. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́, kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e.

Ohun ìfọ̀ wá pín sí agboolé méjì. Agboolé ọsàn ni gbogbo ohun kíkan: ọsàn wẹ́wẹ́, lẹ́mọ́ọ̀nù, fínígà, omi ògì tó ti kan. Àwọn ló ń jẹ ìpẹtà àti kálísíọ̀mù tí omi fi sílẹ̀. Agboolé kán-ún ni kán-ún fúnra rẹ̀, békìn sódà àti eérú igi. Àwọn ló ń tú táníìnì, ọ̀rá kọfí àti mílíìkì tó ti gbẹ. Iyọ̀ ò sí nínú agboolé kankan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ha nǹkan.

Tí kò bá dá yín lójú èyí tó wà lára ife, ẹ dán an wò. Ẹ fi ìka kan omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fi pa ibi kan tó tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ po békìn sódà díẹ̀ mọ́ omi kó ki, ẹ fi pa ibòmíràn tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ ka oókan títí dé 60, ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ibi tó bá kọ́kọ́ mọ́ ló sọ agboolé tí ẹ máa lò. Tí méjèèjì bá mọ́ díẹ̀, tí kò sí èyí tó mọ́ tán, ìpele méjì ni àbàwọ́n yín ní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti agboolé kán-ún, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ wá fi ọsàn parí rẹ̀.

Ife wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Ife tánganran tó ń dán àti ife gíláàsì lè gba ọsàn, wọ́n lè gba kán-ún. Àmọ́ bí wọ́n bá fi àwọ̀ wúrà yí etí ife náà ká, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun dé ibẹ̀. Ọsàn àti iyọ̀ á ṣí i kúrò, kò sì ní padà mọ́.

Ife páànù, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bo irin rẹ̀, fẹ́ràn sódà. Ẹ yẹ etí àti ìdí rẹ̀ wò. Bí ọ̀dà bá ti ṣí níbì kan tí irin dúdú ti hàn, ohun kíkan ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀, torí á jẹ irin náà, ìpẹtà á sì máa gba abẹ́ ọ̀dà lọ.

Alumíníọ̀mù ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kán-ún, eérú àti omi sódà gbígbóná máa ń sọ ọ́ di dúdú, ẹni tó fẹ́ fọ ife á wá di ẹni tó bà á jẹ́. Ọsàn nìkan ni kí ẹ fi ṣe tirẹ̀, kó má sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Irin dídán tí kì í dípẹtà gba agboolé méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má fi omi iyọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ á gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí i lára.

Ike ní tirẹ̀ kò fẹ́ ohun líle rárá. Gbogbo ibi tí kànrìnkàn onírin bá ha lára ike, ilé tuntun ló kọ́ fún àbàwọ́n.

Békìn sódà

Ibí ni kí ẹni tó ní àbàwọ́n tíì tàbí kọfí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ orúkọ nígbà tí ẹ bá ń rà á. Békìn páúdà kọ́ ni. Ìyẹn ti ní ohun kíkan àti sítáàṣì nínú, agbára rẹ̀ ò tó fún iṣẹ́ yìí. Ó sì tún ní sódà kan tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń rà, kọ́sítíìkì. Ìyẹn léwu. Ó ń jó awọ ara, ó lè fọ́ ojú, kò sì gbọdọ̀ kan ife tí èèyàn ń fi mu nǹkan. Bí ẹni tó ń tà á bá kàn sọ pé “sódà ni”, ẹ bi í bóyá èyí tí wọ́n ń fi sínú kéèkì ni. Tí kò bá mọ̀, ẹ má rà á.

1. Ẹ fi omi ṣàn ife kí ìsàlẹ̀ tíì àti ṣúgà kúrò. Ẹ má nù ún gbẹ.

2. Ẹ bu ṣíbí tíì 2 békìn sódà sínú àwo kékeré. Ẹ máa kán omi sí i, bí ìdajì ṣíbí tíì, kó ki bí ọṣẹ ìfọyín. Tó bá ń ṣàn, omi ti pọ̀, ẹ fi sódà kún un.

3. Ẹ fi ìka tàbí aṣọ rírọ̀ pa á mọ́ gbogbo òrùka náà, kí ẹ má gbàgbé igun ìsàlẹ̀ níbi tí ara ife ti pàdé ìdí rẹ̀.

4. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tó bá ti ń gbẹ tó ń sán bí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wọ́n omi sí i. Sódà tó gbẹ kì í ṣiṣẹ́.

5. Ẹ fi aṣọ tútù yí i ká láì tẹ̀ ẹ́ ju. Ẹ ó rí i tí funfun sódà á máa di àwọ̀ tíì lójú aṣọ. Àbàwọ́n ló ń ṣí yẹn. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Ife tó ti ní oṣù mẹ́ta, mẹ́rin nínú ìdọ̀tí kò ní gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan. Tirẹ̀ ni kí ẹ rẹ sínú omi. Ṣíbí ìjẹun 1 békìn sódà fún ife kan, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ gíláàsì ni, ẹ kọ́kọ́ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mú un lára kó má baà sán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé omi kì í dé òrùka tó wà lókè, bẹ́ẹ̀ òrùka òkè yẹn ló sábà máa ń dúdú jù. Ó sàn kí ẹ ri ife náà látòkè délẹ̀ sínú abọ́ tó jinlẹ̀, kí omi bo etí rẹ̀, ju kí ẹ da omi sínú rẹ̀ kó má kún.

Kán-ún, ẹ̀gbọ́n békìn sódà

Ohun tó wà nínú kán-ún kò jìnnà sí ti békìn sódà, ó kàn le jù ú lọ ni. Agbára kan náà tó fi ń mú ẹ̀wà rọ̀ ló fi ń tú táníìnì. Ilẹ̀ ló ti ń wá, pàápàá agbègbè Adágún Tsádì lókè Ọya, ìdí nìyẹn tí iyanrìn fi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi kán-ún gbígbẹ ha ife gíláàsì á rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ títí ayé. Omi rẹ̀ nìkan là ń lò.

Ẹ mú èyí tó funfun, kì í ṣe èyí tó pupa. Ẹ gún bí ìwọ̀n ṣúgà oníhóró 2, ẹ dà á sínú omi gbígbóná lítà 1, ẹ rò ó títí kò fi ní sí èyí tó ń dún lábẹ́ ṣíbí mọ́ àyàfi iyanrìn. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó tòrò. Ẹ rọra da omi òkè rẹ̀ gba inú aṣọ mímọ́ kan, kí ẹ dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó dé ẹnu abọ́. Ẹ ri ife sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Omi náà á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Ọ̀rá ara ọwọ́ yín ló ń fà yọ yẹn, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì fi òróró àgbọn díẹ̀ pa á lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ ṣan ife lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìtọ́wò kán-ún nínú tíì kì í ṣe ohun tó dáa lẹ́nu. Ẹ̀kán ọsàn wẹ́wẹ́ kan nínú omi ìṣàn ìkẹyìn á pa ìyókù rẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀

Èyí ni ti òrùka pupa tí omi bọ́hóólù fi sílẹ̀, ti ife tíì tó dúdú bí íǹkì, àti ti funfun líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tù. Sódà ò lè ṣe nǹkan kan fún ìpẹtà, ká má tan ara wa.

Tí ọsàn bá le, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí tábìlì kó rọ̀ kí ẹ tó là á sí méjì. Ẹ da ṣíbí tíì 1 iyọ̀ kíkúnná sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ tẹ ojú ọsàn mọ́ ọn, ẹ wá fi yí inú ife ká fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ kí omi rẹ̀ máa jáde bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ fi sílẹ̀: ìṣẹ́jú 5 fún àbàwọ́n lásán, 15 fún ìpẹtà. Iyọ̀ kò le tó gíláàsì tàbí tánganran, kò lè ha wọ́n. Ike ló lè ha, torí náà, fún ike, omi ọsàn nìkan, láìsí iyọ̀.

Ẹ má ju èèpo ọsàn náà nù. Ẹ jù ú sínú kẹ́tù, ẹ se é pẹ̀lú omi fún ìṣẹ́jú 10, á tú funfun ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbà gbọ́. Tí ẹ bá ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́ tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jáde sínú oòrùn. Omi ọsàn lára awọ tí oòrùn bá bá níbẹ̀ lè jó o, kó lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn.

Fínígà àti omi ògì

Fínígà funfun ni kí ẹ lò, torí èyí tó ní àwọ̀ lè fi àwọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Fínígà ìdajì, omi gbígbóná ìdajì, ìṣẹ́jú 30. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọsàn ń ṣe. Fínígà dára jù níbi tí ọwọ́ ò lè dé, bí ọ̀nà ẹnu kẹ́tù.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe ògì kò nílò láti ra fínígà fún ife. Omi tó wà lójú ògì tó ti kan dáadáa ní ohun kíkan nínú. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ìyẹ̀fun ògì má bá a lọ, ẹ rẹ ife sínú rẹ̀ mọ́jú. Kò lágbára tó ọsàn, ẹ má retí pé á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n fún ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára ife omi, ó tó. Bí òórùn rẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ fi omi sódà ṣàn án.

Kí ló dé tí a ò gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀?

Ẹ da fínígà lé békìn sódà, á hó yẹ̀ẹ̀, á kún dé etí ife. Ojú á rò pé iṣẹ́ ńlá ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun kíkan àti sódà ń pa ara wọn ni. Atẹ́gùn ló ń jáde níbi híhó yẹn, ohun tó sì kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ju omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ lọ, tí kò lè jẹ ìpẹtà, tí kò lè tú táníìnì. Ẹ ti na owó méjì, ẹ ò rí iṣẹ́ kan gbà. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ ṣàn án, kí ẹ tó lo èkejì.

Èyí tó ń pa ara rẹ̀ yẹn, owó lásán ló bá lọ. Èyí tó lè pa èèyàn ni Jik tàbí bíléèṣì mìíràn pẹ̀lú fínígà tàbí ọsàn. Atẹ́gùn kíloríìnì ló ń jáde níbẹ̀. Á ta ojú, á dí ọ̀fun, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú ilé ìdáná kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Tí ẹ bá ti da Jik sí ife, ẹ má fi ohun kíkan kàn án lọ́jọ́ náà. Tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró dà á nù, ẹ kọ́kọ́ jáde síta.

Sóbò

Sóbò jẹ́ omi ìṣápá pupa, aró gidi ni. Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ni pé tí wọ́n bá da békìn sódà sí ojú àbàwọ́n rẹ̀, pupa á di àwọ̀ aró, nígbà mìíràn á di bí ewé tó ti rà. Wọ́n á ní àwọ́n ti ba ife jẹ́. Kò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ìṣápá ṣe rí: nínú ohun kíkan á pupa, nínú kán-ún á yí padà. Ẹ kán ọsàn sí i, ẹ ó rí pupa tó máa padà wá lójú yín.

Lára gíláàsì àti tánganran, omi gbígbóná, ọṣẹ àti sódà tó láti yọ ọ́. Lára ike funfun, bí irú èyí tí àwọn tó ń ta sóbò fi ń wọn nǹkan, ó ti wọ inú. Ẹ po sódà kó ki, ẹ fi pa á, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 1, ẹ ṣàn án. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ike náà sínú oòrùn ní tútù, kí ojú ibi tó pọ́n kọjú sókè, fún wákàtí 3 sí 4. Oòrùn máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ìṣápá ṣá bó ṣe ń jẹ́ kí aṣọ ṣá. Tó bá kù díẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi ike sílẹ̀ nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, á gbẹ, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Eérú àti èèpo àgbọn

Eérú igi nìkan. Eérú ibi tí wọ́n ti dáná ọ̀rá tàbí ike kò yẹ lára ohun tí à ń gbé sẹ́nu. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kù ú kí òkúta má sí nínú rẹ̀, ẹ bu ṣíbí ìjẹun 1, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó. Ife irin dídán àti ife páànù ló yẹ fún, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Kò yẹ fún gíláàsì, kò yẹ fún ike.

Kànrìnkàn tó bá a lọ dáadáa ni irun inú èèpo àgbọn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n èèpo àgbọn fúnra rẹ̀ ní táníìnì. Ẹni tó bá ya á láti ara àgbọn tó fi fọ ife funfun lọ́gán á fi àbàwọ́n tuntun lé ti àtijọ́. Ẹ fi òkúta lù ú kó tú, ẹ fa irun rẹ̀ jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. Ní àárọ̀, omi náà á ti pọ́n bí tíì. Ẹ dà á nù, ẹ tún rẹ ẹ́ sínú òmíràn, títí omi fi máa jáde ní mímọ́; ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ká a bí òṣùká kékeré, ẹ fi òwú dè é láàárín, ẹ sá a gbẹ. Ẹ máa sá a lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Fúláàsì

Ọwọ́ ò wọlé, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi máa ń dúdú láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun 1 békìn sódà sí i, ẹ da omi gbígbóná kún un, ẹ má dé e pa, torí atẹ́gùn lè kóra jọ sínú rẹ̀. Ó di wákàtí 4, tàbí mọ́jú. Ẹ dà á nù, ẹ wá da ìrẹsì tútù tí ẹ ti ṣa òkúta inú rẹ̀, ṣíbí ìjẹun 2, àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ife ìdajì sí i. Ẹ dé e, ẹ mì í yíká fún ìṣẹ́jú 1. Ìrẹsì náà á ha ibi tí ọwọ́ ò dé. Fúláàsì tó ní gíláàsì nínú, ẹ rọra ṣe é, kí ẹ má sì da omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná.

Rọ́bà róbótó tó wà lára ìdérí, ẹ yọ ọ́. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú fúláàsì tó mọ́, abẹ́ rọ́bà yẹn ló ti ń wá.

Tí ife bá pọ̀

Àwọn onítíì ní gáréèjì àti àwọn tó ń ta àgbo kò lè máa pa sódà sí ife lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi gbígbóná lítà 10 nínú bókẹ́ẹ̀tì, ṣíbí ìjẹun 10 békìn sódà, tàbí omi kán-ún lítà 10 tí ẹ ti sẹ́ bí a ṣe ṣàlàyé. Ife tó bá rì tán ló wọ̀ ọ́. Alẹ́ ló dáa jù, lẹ́yìn ọjà, ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tí omi bá ti pọ́n, agbára rẹ̀ ti lọ, ẹ má fi pamọ́ di ọ̀la. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi omi ọsàn tàbí fínígà tẹ̀ lé e fún ìpẹtà.

Ohun tó sì ń dín iṣẹ́ kù jù ni pé kí ife má dúró. Ife tí ẹ fi omi ṣàn láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ẹ mu tíì tán kì í ní òrùka, torí awọ náà kò tíì gbẹ. Mílíìkì nínú tíì máa ń di táníìnì mú kó má lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán ọsàn wẹ́wẹ́ kì í sì í jẹ́ kí awọ náà so. Ẹ má fi àpò tíì sílẹ̀ nínú ife tó ti tán.

Nígbà mìíràn ẹ ó ṣe gbogbo èyí, ìlà wẹ́wẹ́ dúdú bí ojú àwọ̀n á ṣì kù lára ife tánganran. Ẹ fi èékánná fà á. Tí kò bá ga, tí kò jinlẹ̀, abẹ́ ojú dídán rẹ̀ ni àbàwọ́n wà. Ojú náà ló ti sán wẹ́wẹ́, tíì sì ti gba ibẹ̀ wọlé. Sódà gbígbóná mọ́jú, òru mẹ́ta léra wọn, lè dín in kù, kò ní tán. Ẹ má fi mu nǹkan mọ́, torí ibi tí tíì lè wọ̀ tí kànrìnkàn ò lè dé, ìdọ̀tí mìíràn náà lè wọ̀ ọ́. Á wúlò fún bíírò àti pẹ́ńsù.